Kí Ilẹ̀ Tó Mì: Àgbéyẹ̀wò Bí Ẹbí Ṣe Lè Múra De Ìmìtìtì Ilẹ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti, nítòsí Port-au-Prince tí í ṣe olú-ìlú wọn. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.0. Títí di òní, ẹnu kò kò lórí iye ènìyàn tí ó kú. Ọ̀pọ̀ ìṣirò gbé e kọjá 100,000, ìjọba Haiti sì ní ó lé ní 300,000. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, ilẹ̀ mì ní Chile. Ìwọ̀n tiwọn jẹ́ 8.8. Agbára tí ó tú jáde nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ náà tó ìlọ́po 500 ti Haiti. Àwọn tí ó kú ní Chile kò tó 600.

Òótọ́ ni pé ti Haiti ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú tí èrò kún bámúbámú, kò sì jìn púpọ̀ sínú ilẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo àwókù ilé lórílẹ̀-èdè méjèèjì á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní Port-au-Prince, búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò tó ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ ògiri, wọ́n wá da kọnkéré wúwo lé e lórí, irin tí ó wà nínú òpó kò sì tó nǹkan. Chile ní tirẹ̀ ti jìyà rí. Ní 1960, ilẹ̀ mì ní Valdivia pẹ̀lú ìwọ̀n 9.5, èyí tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo èyí tí ẹ̀rọ ti wọ̀n láyé, àwọn ará ibẹ̀ sì fi ìyà náà kọ́gbọ́n nínú òfin ilé kíkọ́. Nínú pápá gbalasa, ìmìtìtì ilẹ̀ á gbé ènìyàn ṣubú, á dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n yóò dìde. Òrùlé tí ó já lé ènìyàn lórí ni kì í jẹ́ kí ó dìde mọ́.

Bí a bá ní kí àwọn ènìyàn múra de ìmìtìtì ilẹ̀, báàgì ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ wọn lọ́kàn: tọ́ọ̀ṣì, bátìrì, oúnjẹ inú agolo, rédíò kékeré, kí a so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí a gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Báàgì dára. Àmọ́ ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ báàgì bẹ̀rẹ̀, fún ẹni tí ó bá la ọjọ́ kìíní já. Ilé tí a ń sùn sí ló yẹ kí ó ṣáájú, kí ẹrù inú ilé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tí ara yóò ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì, àti àdéhùn láàrin ẹbí, kí a tó wá kan omi àti oúnjẹ. California àti Japan ni mo fi ṣe ojú àgbéyẹ̀wò yìí, nítorí pé àwọn ni ó ti pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sì ti san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ń gbé Los Angeles àti agbègbè San Francisco kò sì mọ níwọ̀n. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí kò rí bí ti Ìbàdàn.

Ní agogo 4:31 ìdájí ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1994, ilẹ̀ mì ní Northridge, ní àríwá Los Angeles, pẹ̀lú ìwọ̀n 6.7. Ilé alájà mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Northridge Meadows. Àjà ìsàlẹ̀ fọ́ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ lábẹ́ àwọn tó kù, ènìyàn 16 sì kú síbẹ̀ lórí ibùsùn wọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní California: ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ṣọ́ọ̀bù, ògiri kò pọ̀ níbẹ̀, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé iyàrá àjà òkè dúró. Bí ilẹ̀ bá jì í sọ́tùn-ún sósì, ìsàlẹ̀ yìí ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Ní 1989, nígbà tí ìmìtìtì Loma Prieta dé, irú wọn ni ó wó ní àdúgbò Marina ní San Francisco, tí iná gáàsì sì tẹ̀ lé e. San Francisco ṣòfin ní 2013 pé kí àwọn onílé fi irin àti ògiri kún ìsàlẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀. Los Angeles ṣe tirẹ̀ ní 2015, òfin náà sì kan ilé tí ó lé ní 12,000.

Ayálégbé lè má ní agbára láti tún ilé ṣe, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu láti fi béèrè kí ó tó san owó. Ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ? Ṣé ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà lábẹ́ iyàrá tí a fẹ́ gbà? Ṣé wọ́n ti fi agbára kún un gẹ́gẹ́ bí òfin ìlú ṣe wí? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ju ìbéèrè nípa kápẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ. Ní ti ẹni tí ó ra ilé onígi tirẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1980, kí ó pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ wá wo abẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n fi irin so ilé náà mọ́ ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ kàn jókòó lórí ìpìlẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá mì, ilé á yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, páìpù gáàsì á já, ilé á sì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìpínlẹ̀ California ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Earthquake Brace + Bolt, tí ó ń fún irú onílé bẹ́ẹ̀ ní owó ìrànwọ́ tó $3,000. Mo kà á sí owó tí ó wúlò jù nínú gbogbo ètò ìmúrasílẹ̀ wọn.

Òfin kò tó bí a kò bá tẹ̀ lé e. Turkey ló fi èyí hàn wá lọ́nà tí ó dunni jù. Lẹ́yìn tí ìmìtìtì 1999 ní İzmit pa ènìyàn tó lé ní 17,000, wọ́n ṣe òfin ilé kíkọ́ tí ó dára. Nígbà tí ó di 2018, ìjọba gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ́lé láìgbàṣẹ, wọ́n sì fọwọ́ sí ilé náà bí ó ṣe wà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2023, ní agogo 4:17 òru, ilẹ̀ mì níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n 7.8, ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ó tún mì pẹ̀lú ìwọ̀n 7.5. Ó lé ní 50,000 ènìyàn tí ó kú ní Turkey nìkan. Ilé tuntun wà lára èyí tí ó wó, ilé tí wọ́n polówó pé ó bá òfin mu. Ìwé àṣẹ kò gbé òrùlé dúró.

Bí ilé bá dúró, ẹrù inú rẹ̀ ni ọ̀tá kejì. Níbi tí ilé ti lágbára, ohun tí ń ṣe ènìyàn léṣe jù ni kọ́bọ́ọ̀dù tí ó wó luni, tẹlifíṣàn tí ó fò kúrò lórí tábìlì, dígí tó fọ́ sílẹ̀ tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ nínú òkùnkùn. Nínú ilé àwọn ènìyàn wa, mo mọ ohun tí a máa ń tò sókè. Wọ́dúróòbù gíga ń bẹ nínú iyàrá, àpótí aṣọ òkè àti léèsì wà lórí rẹ̀, ìkòkò ńlá tí a fi ń dáná òde wà lórí àpótí, kúlà tún wà lórí ìkòkò. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni gbogbo rẹ̀ dúró sí. Ní Los Angeles, ibi tí ó ga yẹn kọ́ ni ààyè wọn. Ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni kí a gbé e sí. Wọ́dúróòbù àti pẹpẹ ìwé, kí a fi irin igun àti ìṣó tí a ń yí wọlé kàn án mọ́ igi inú ògiri, kì í ṣe mọ́ páálí ojú ògiri tí yóò já. Bẹ́líìtì kékeré wà lọ́jà tí a fi ń so tẹlifíṣàn àti fìríìjì mọ́ ẹ̀yìn. Àwòrán àti dígí ńlá, kí a yọ wọ́n kúrò lókè orí ibùsùn, ìbáà ṣe àwòrán ìgbéyàwó.

Táǹkì tí ń gbé omi kaná ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Ó wúwo, páìpù gáàsì sì wọnú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Òfin California ní kí a fi bẹ́líìtì irin so ó mọ́ ògiri, lókè àti nísàlẹ̀. Bí ó bá dúró, kò ní dáná sílé. Nǹkan bíi 150 lítà omi tí ó ṣeé mu yóò sì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ bá gbẹ. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ kan fún ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìdáhò lọ́wọ́ ni.

Ní Japan, wọ́n ń ta ọ̀pá kan tí a fi ń ha orí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ àjà fún ayálégbé tí onílé kò gbà láàyè láti dá ihò sí ògiri. Ọ̀pá náà kò lágbára tó irin igun, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a fi ọwọ́ lẹ́rán lọ.

Kí ni kí ènìyàn ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì gan-an? Ibí yìí ni ìmọ̀ràn ti pọ̀ jù, tí irọ́ sì dà pọ̀ mọ́ òótọ́. Èyí tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Japan fẹnu kò lé lórí kò gùn: kúnlẹ̀ kí ó tó gbé ọ ṣubú, wọ abẹ́ tábìlì tí ó lágbára, fi ọwọ́ kan bo orí àti ọrùn, fi èkejì di ẹsẹ̀ tábìlì mú kí o lè bá a rìn bí ó bá ń sún. Ẹni tí ó wà lórí ibùsùn, kí ó dúró síbẹ̀, kí ó fi ìrọ̀rí bo orí. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera, kí ó ti bíréèkì rẹ̀, kí ó tẹrí ba, kí ó fi ọwọ́ bo ọrùn. Ẹni tí ń wakọ̀, kí ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó má dúró sábẹ́ afárá: ní 1989, ènìyàn 42 ló kú sí ojú ọ̀nà alájà méjì kan ní Oakland nígbà tí ti òkè wó lé ti ìsàlẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé kí a dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ilé amọ̀ àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, níbi tí férémù ilẹ̀kùn nìkan ti ṣẹ́kù nígbà tí ògiri wó. Nínú ilé òde òní, ẹnu ọ̀nà kò lágbára ju ibòmíràn lọ, ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ á sì máa gbá ènìyàn. Ìmọ̀ràn mìíràn tí ó ń yí ká lórí fóònù ní kí a má wọ abẹ́ tábìlì, kí a dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ńlá. Àwọn àjọ tí ó mọ iṣẹ́ yìí, títí kan Red Cross ti Amẹ́ríkà, ti kọ̀ ọ́. Nínú ilé tí kò wó, ẹ̀gbẹ́ àga gan-an ni nǹkan ti ń já luni.

Síbẹ̀, èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ abẹ́ tábìlì bá gbogbo ilé mu. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 2023, ilẹ̀ mì lórí òkè Atlas ní Morocco, ó sì pa ènìyàn tó súnmọ́ 3,000. Ilé amọ̀ àti òkúta ni ọ̀pọ̀ ilé abúlé wọn. Tábìlì wo ni yóò gbé ògiri amọ̀ dúró? Ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀kùn wà ní ìṣísẹ̀ díẹ̀, tí ìta sì jẹ́ gbangba tí kò sí ògiri mìíràn tí yóò wó lù ú, sísá jáde lójú ẹsẹ̀ sàn fún un. GeoHazards International, àjọ kan tí ń bá àwọn ìlú tálákà ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, gbé ìwé jáde ní 2015 tí ó gba èyí wọlé. Ẹni tí ó wà ní àjà kẹrin ní Los Angeles kò gbọ́dọ̀ sáré sórí àtẹ̀gùn. Irú ilé tí a wà ni yóò pinnu, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a kọ́kọ́ mọ ilé.

Fóònù ti ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ báyìí. Ìgbì méjì ni ìmìtìtì máa ń rán jáde: èyí tó yára kì í ba nǹkan jẹ́ púpọ̀, èyí tó lọ́ra ni ó ń wó ilé. Ẹ̀rọ tí a rì mọ́lẹ̀ á gbọ́ ti àkọ́kọ́, á sì ránṣẹ́ sí fóònù kí èkejì tó dé. Japan bẹ̀rẹ̀ èyí jákèjádò ilẹ̀ wọn ní 2007; California ní áàpù MyShake láti 2019. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó ń fúnni, ẹni tí ó bá sì wà nítòsí orísun rẹ̀ lè má rí nǹkan kan gbà. Ó tó láti wọ abẹ́ tábìlì, ó sì tó láti pa iná sítóòfù. Mo fẹ́ kí a rántí ìyá àgbà níbí yìí. Ọ̀pọ̀ màmá ló ń wọkọ̀ òfuurufú láti Nàìjíríà lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun jòjòló ní Amẹ́ríkà. Òyìnbó ni fóònù yóò fi pariwo, àwọn nìkan ni wọ́n sì máa ń wà nílé pẹ̀lú ọmọ lọ́sàn-án. Kí a jẹ́ kí Màmá gbọ́ ìró ìkìlọ̀ náà ṣáájú, kí a fi tábìlì hàn wọ́n, kí a sọ fún wọn ní Yorùbá pé bí wọ́n bá gbé ọmọ dání, kí wọ́n tẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n má sáré lọ sísàlẹ̀. Kí a sì jọ ṣe é pẹ̀lú wọn, kì í ṣe kí a kàn sọ ọ́ lẹ́nu.

Ìdánrawò gan-an ni àwọn ará Japan fi gba iwájú wa. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1923, ní agogo 11:58 àárọ̀, tí iná ti wà lábẹ́ ìkòkò oúnjẹ ọ̀sán, ilẹ̀ mì ní Tokyo àti Yokohama. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó kú, iná ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Láti 1960 ni wọ́n ti ya ọjọ́ yẹn sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìdánrawò, lọ́mọdé lágbà. California ní tirẹ̀ náà, ShakeOut, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tí ó máa ń wáyé nínú oṣù Kẹwàá.

Àdéhùn ẹbí ni mo rò pé yóò nira jù fún àwa. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá á ti kọjú sí ilé-ìwé ọmọ kí ó tó mọ̀. Ní etí òkun Sanriku ní Japan, ibi tí omi òkun ti máa ń ru bo ìlú lẹ́yìn ìmìtìtì, àwọn àgbà ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tendenko: kí olúkúlùkù sáré gun òkè fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró de ẹnikẹ́ni. Létí Yorùbá, ó dàbí ọ̀rọ̀ aláìláàánú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ìyá bá mọ̀ dájú pé ọmọ òun ti ń sáré, tí ọmọ sì mọ̀ pé ìyá òun ti ń sáré. Láìsí ìdánilójú yẹn, ìyá á padà sẹ́yìn láti wá ọmọ, omi á sì bá a lọ́nà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2011, nígbà tí ìmìtìtì ìwọ̀n 9.0 gbé òkun wá, àwọn ọmọ ilé-ìwé Kamaishi, tí wọ́n tó 3,000, sáré gun òkè bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Àwọn àgbà inú wọn fa àwọn kékeré lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló yè. Ní Ishinomaki, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Okawa, wọ́n kó àwọn ọmọ jọ sí pápá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, wọ́n ń jiyàn ibi tí wọn yóò lọ, bẹ́ẹ̀ òkè wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọmọ 74 àti olùkọ́ 10 ló bá omi lọ. Àwọn òbí lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì jàre.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ wà nílé-ìwé ní California kò gbọ́dọ̀ tijú láti béèrè ibi tí wọn yóò kó ọmọ lọ àti ẹni tí wọn yóò fi í lé lọ́wọ́. Ilé-ìwé kì í fi ọmọ lé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé lọ́wọ́, ìbáà ṣe àbúrò bàbá rẹ̀ tàbí ìyá ìjọ. Kí a kọ orúkọ ẹni méjì mẹ́ta tí ó ń gbé nítòsí, tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, nítorí ojú ọ̀nà lè dí. Kí ẹbí yan ibi ìpàdé kan lẹ́bàá ilé àti ọ̀kan tí ó jìnnà díẹ̀. Kí gbogbo wọn sì mọ nọ́ńbà ẹnì kan tí kò sí ní ìpínlẹ̀ náà. Bí ilẹ̀ bá mì, ìpè láàrin ìlú á há, ṣùgbọ́n àtẹ̀ránṣẹ́ kúkúrú sí ibi tó jìnnà sábà máa ń kọjá. Àwa tí a ní ẹ̀gbọ́n ní Houston àti àǹtí ní London kò ní wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ tì. Iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe ni kí wọ́n jókòó ti fóònù, kí wọ́n máa gba ọ̀rọ̀ látọ̀dọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fi tó àwọn tó kù létí, títí kan àwọn ará ilé ní Nàìjíríà tí ọkàn wọn yóò ti gbé sókè. Kí a kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò ní sọ ọ́ fúnni.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá ṣí báàgì náà. Omi ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kí a ní nǹkan bíi lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ti Japan ní lítà 3. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò rí ìdí tí ẹni tí ó ní ààyè kò fi ní tọ́jú ti ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lẹ́yìn ìmìtìtì ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024 ní Noto, ní Japan tí ó múra jù gbogbo ayé lọ, omi ẹ̀rọ kò padà fún oṣù púpọ̀ ní àwọn àdúgbò kan. Kẹ́ẹ̀gì ni a fi tọ́ wa dàgbà ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó dé Amẹ́ríkà tí ó kó gbogbo rẹ̀ dànù ti ju ìmọ̀ tó níye lórí nù. Oúnjẹ kò le tó bẹ́ẹ̀. Gàárì, ẹ̀pà àti kúlíkúlí kò béèrè iná, wọ́n sì wà nínú ilé wa tẹ́lẹ̀. Kí a fi omi gàárì kún ìṣirò omi ni ó kù.

Oògùn ni a máa ń gbàgbé. Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, kí ó ní ti ọ̀sẹ̀ kan lápamọ́, kí ó máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́. Owó kéékèèké, ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìgbélùú nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Fèrè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, nítorí ẹni tí ó há sábẹ́ àwókù kò lè pariwo pẹ́. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn àti tọ́ọ̀ṣì, kí a dì wọ́n sínú ọ̀rá, kí a so ó mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn kí ó má sá lọ. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ènìyàn fẹ́ ṣe lálẹ́ òní, bàtà yìí ni kí ó ṣe.

Lẹ́yìn tí ó bá dáwọ́ dúró, yóò tún mì, ó sì lè jẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Kí a gbóòórùn gáàsì. Bí a bá gbọ́ òórùn tàbí ìró rẹ̀, kí a fi sípánà tí ó ti wà lẹ́bàá mítà tì í, kí a jáde. Bí kò bá sí òórùn, kí a má fọwọ́ kàn án, nítorí ilé iṣẹ́ gáàsì nìkan ló yẹ kí ó tún un ṣí, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ilé sílẹ̀, kí ó pa swíìṣì àgbà iná mànàmáná. Kobe, ní Japan, ló kọ́ wa. Nígbà tí ìmìtìtì ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1995 pa ènìyàn tó lé ní 6,400 níbẹ̀, púpọ̀ nínú iná tí ó jó ìlú náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá iná mànàmáná padà sínú ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni, tí ẹ̀rọ amúlé-gbóná sì ti dojú dé sórí aṣọ.

Ní Kobe yìí kan náà, nǹkan bí 35,000 ènìyàn ló há sábẹ́ àwókù. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n yọ ni ará ilé àti aládùúgbò yọ. Panápaná àti ológun kò tó láti dé ibi gbogbo. Jáàkì ọkọ̀, ayùn àti ọwọ́ lásán ni wọ́n lò. Wọ́n mọ iyàrá tí bàbá àgbà ilé kejì ń sùn sí, wọ́n sì mọ ibi tí wọn yóò wú. Ọmọ Yorùbá tí ó ti gbé ilé kan ní California fún ọdún mẹ́wàá tí kò mọ orúkọ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tíì múra, bí ó ti wù kí báàgì rẹ̀ tóbi tó. Kí ó lọ kí wọn.

Ní ti adójútòfò, gbólóhùn díẹ̀ ti tó. Ti ilé lásán kì í bo ìmìtìtì ilẹ̀ ní California. A gbọ́dọ̀ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó tí onílé yóò kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ san kí wọ́n tó dá sí i sì máa ń pọ̀. Ẹni tí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ wà nínú ilé kan, kí ó rà á. Ayálégbé lè ra ti ẹrù rẹ̀ ní owó tí kò pọ̀.

Ilé ńkọ́, ní ilẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jíire? A kò sí lórí ààlà ibi tí pẹpẹ ilẹ̀ ti ń forí gbárí bíi Japan. Àmọ́ ilẹ̀ wa kò dákẹ́ pátápátá. Ní 1939, ìmìtìtì kan wó ọ̀pọ̀ ilé ní Accra, ó sì pa ènìyàn. Ní 1984, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ilẹ̀ gbọ̀n. Kwoi ní ìpínlẹ̀ Kaduna rí tirẹ̀ ní 2016, Mpape ní Abuja sì rí i ní 2018. Kò sí èyí tí ó wó ìlú wa. Èmi kò ní sọ fún ẹni tí ó wà ní Òṣogbo pé kí ó lọ ra irin igun fún wọ́dúróòbù; owó náà ní iṣẹ́ tí ó ju ìyẹn lọ.

Nítorí pé ní tiwa, ilé ń wó láìjẹ́ pé ilẹ̀ mì rárá. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé alájà kan tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì pa àwọn ọmọ tí wọ́n wà nínú kíláàsì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó, ó pa ènìyàn tó lé ní 40. Òpó tín-ín-rín, irin tí kò tó, sìmẹ́ńtì tí a po iyanrìn mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àjà tí a kàn gùn lé orí àjà tí ìpìlẹ̀ kò rò tẹ́lẹ̀: ohun tí ó wó Port-au-Prince ni. Bí ilẹ̀ bá gbọ̀n díẹ̀ ju ti 1984 lọ lábẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, a kò ní rí ẹni tí a ó bi léèrè. Ẹni tí ó ń kọ́lé lọ́wọ́ báyìí lè sọ fún birikílà rẹ̀ kí ó da bíìmù kọnkéré yí orí gbogbo ògiri ká, kí irin òpó àti irin bíìmù wọnú ara wọn, kí ẹnjiníà tí ó ní ìwé àṣẹ COREN, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, sì fojú rí irin náà kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó. Owó tí yóò fi kún un lè má ju owó táìlì ojú ògiri lọ.

Bí owó ìjọba bá sì kéré, tí a ní láti yan ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, Nepal ti ṣe àpẹẹrẹ. Kí ìmìtìtì ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2015 tó pa ènìyàn tó súnmọ́ 9,000 níbẹ̀, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní NSET ti lo ọdún púpọ̀ láti máa fi agbára kún ilé-ìwé àtijọ́ ní àfonífojì Kathmandu, wọ́n sì ń kọ́ àwọn birikílà àdúgbò bí wọn yóò ṣe ṣe é. Ọjọ́ Sátidé ni ilẹ̀ mì, àwọn ọmọ kò sí ní kíláàsì, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ìwé tí wọ́n tún ṣe náà dúró, àwọn ará àdúgbò sì wọ inú wọn lọ sá sí. Ilé-ìwé alájà tí ó wà nínú ilé gbígbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Mushin àti ní Ìbàdàn ni èmi ìbá fi bẹ̀rẹ̀.